Ibi tí Omi Ń Gbà Tẹ́lẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Àlàájì Nùrẹ́nì jókòó sí ìlà iwájú nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ìsọlọ̀, ó ń retí àtirí ojú ara rẹ̀ lára aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló ṣètò àjọ̀dún fíìmù náà. Fóònù ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ àyíká ni wọ́n sì ń sọ: èéfín ilé-iṣẹ́, ọ̀rá tó dí gọ́tà, omíyalé.

Ọlámipọ̀sí, ọmọbìnrin kan láti Ṣógúnlé, ló ya ti Àlàájì. Ó wá bá a nílé lóṣù tó kọjá, ó ní kí bàbá sọ bí àdúgbò ṣe rí nígbà èwe wọn. Inú bàbá dùn. Ta ló tún ń bi àgbà ní irú ìyẹn?

Sàfúrátù ló jókòó tì í, télọ̀ tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Àlàájì, tó máa ń bu oúnjẹ wá fún un látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. "Àbàtà ló wà lẹ́yìn ilé wa," Àlàájì ń wí lára aṣọ náà. "Ibẹ̀ ni gbogbo omi òjò ń ṣàn lọ. A máa ń dẹ ìgèrè síbẹ̀, a sì ń pa ẹja."

"Ta ló wá dí i, sà?" Ohùn Ọlámipọ̀sí nìyẹn.

"A ò mọ̀ o. A kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n ti da yanrìn sí i."

Lẹ́yìn náà ni Sàfúrátù yọ, omi mù ún dé orúnkún nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń kó aṣọ oníbàárà sórí pẹpẹ. "Ọdọọdún ni," ó wí. "Mi ò mọ ohun tí mo fi ṣẹ Ọlọ́run."

Ara Àlàájì ò gba àga mọ́. Òun ni olórí ẹbí lọ́dún tí wọ́n ta àbàtà yẹn. Òun ló tọwọ́ bọ̀wé, ìṣojú rẹ̀ sì ni típà àkọ́kọ́ ṣe já yanrìn. Irọ́ náà ti mọ́ ọn lẹ́nu tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì jókòó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí fíìmù parí, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè nawọ́, ó nawọ́.

"Mi ò ní ìbéèrè," ó ní. "Mo parọ́ fún ọmọ yìí ni. Èmi ni mo ta àbàtà yẹn. Mo mọ̀ pé omi ò ní ríbi gbà mọ́. Mo kàn rò pé á wá ibòmíràn lọ ni."

Àlàájì ò lè yíjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́ nígbà tí Sàfúrátù dìde, tó sì jáde.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni obìnrin náà ò fi yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá pàdé, á kúnlẹ̀ kí i, á sì kọjá lọ. Ìkíni yẹn dun Àlàájì ju èébú lọ. Níkẹyìn, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Èmi nìkan ló kù tó mọ ibi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀," ó ní. "Jẹ́ kí n fi hàn ọ́."

Sàfúrátù gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pe Ọlámipọ̀sí, kó wá yà á."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rin ọ̀nà omi náà, láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gba àárín ilé méjì, títí dé ilẹ̀ kékeré kan tí Àlàájì yọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nígbà tó ń ta àbàtà.

"Kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà gba inú ibí yìí," ó ní.

"Àwọn ọmọ yín tó máa jogún rẹ̀ ńkọ́?" Sàfúrátù bi í.

"Wọ́n á bínú."

Wọ́n bínú lóòótọ́. Ṣàmsúdéènì, àkọ́bí rẹ̀, ò gbé ìpè bàbá rẹ̀ fún oṣù kan. Àmọ́ àwọn ará àdúgbò gbẹ́ gọ́tà náà. Nígbà tí òjò ńlá wá rọ̀, Sàfúrátù gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún Àlàájì, etí aṣọ rẹ̀ tutù.

"Kókósẹ̀ lomi dé lọ́tẹ̀ yìí," ó ní.

"Kò tíì tán nìyẹn."

"Kò tíì tán, sà," ó wí, ó sì fa àga kan, ó jókòó.