Ẹsẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Kọ́tìnì

"Ẹni mọ́kànlá nínú ogún!" Olùkọ́ gbé àwọn ìwé ìbéèrè náà sókè, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. "Ibi kan náà ni gbogbo wọn kọ. Oníkámẹ́rà, o ṣe bẹbẹ!"

Oníkámẹ́rà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù, kámẹ́rà kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn. Ìpolówó oníṣẹ́jú méjì fún fíìmù adẹ́rùbani ni wọ́n ní kó ṣe. Òfin olùkọ́ wọn kò sì ṣe é yí: o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ han ogún òǹwòran, kí o bi wọ́n níbi tí ẹ̀rù ti bà wọ́n jù, kí o wá fi ìdáhùn wọn tún un tò. Tó bá di Sátidé, gbogbo òbí ni yóò wá wò ó.

"Iwin mi ló dẹ́rù bà wọ́n, àbí?"

"Iwin wo?" Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tó kun àtíkè bí ẹni tó ṣubú sínú àpò ìyẹ̀fun? Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ síbí pé àánú rẹ̀ ṣe òun. Ẹsẹ̀ abẹ́ kọ́tìnì yẹn ni mò ń wí!"

Agùntáṣọọ́lò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣe iwin náà, fa ojú ro.

"Ẹsẹ̀ wo, sà?" ni Oníkámẹ́rà béèrè.

Olùkọ́ rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó tan kọ̀ǹpútà. Pálọ̀ ilé àwọn Oníkámẹ́rà ló hàn, ó ṣófo, kámẹ́rà ń rọra kọjá lẹ́yìn àga lọ sí ojú fèrèsé. Lábẹ́ kọ́tìnì, ẹsẹ̀ méjì dúró pa pọ̀ láìwọ bàtà. Ọ̀kan ká ọmọ ìka rẹ̀ kò, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀.

Oníkámẹ́rà sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ti wo ibẹ̀ yẹn tó ìgbà ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n orí àga tó fẹ́ fi iwin sí ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tó bá ń wá nǹkan kan lójú méjèèjì kì í rí ìkejì. Ọjọ́rú ló ya á, ní aago méjì ọ̀sán, lọ́jọ́ tí olùkọ́ kan kò wá tó sì sáré wálé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ wà nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, màmá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wà ní ọsibítù.

"Èmi nìkan ni mo wà nílé lọ́jọ́ yẹn," ló wí.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu olùkọ́. Agùntáṣọọ́lò ní, "Ta ló wà nílé báyìí?"

Aago mẹ́ta ti fẹ́ lù. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni màmá rẹ̀ ń délé lónìí, òun nìkan. Oníkámẹ́rà pè é, kò gbé e. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń ti fóònù wọn mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ló bá bọ́ sí ìta, eré ló ń sá.

Agùntáṣọọ́lò tẹ̀ lé e. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń sọ ohun tóun máa fi olè náà ṣe. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, ó ní òun á máa ṣọ́ ìta. Gbogbo gígùn yẹn, asán ni!

Oníkámẹ́rà rọra ṣílẹ̀kùn. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó fi igi ìgbálẹ̀ gbá kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́: kò sí ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ló gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún kíi nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó tẹ nọ́ńbà bàbá rẹ̀ kó wá gbà á.

Inú yàrá ẹ̀yìn ni fóònù náà ti dún.

"Yéè! Wọ́n ti pa bàbá mi!" Olè ti pa á, ó ti gba fóònù rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tó lè rò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá rẹ̀ ló jáde, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, láìwọ bàtà.

"Má pariwo. Èmi ni."

"Bàbá! Ẹ ò lọ síbi iṣẹ́?"

"Kò sí iṣẹ́ mọ́." Ó fara ti ògiri. "Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ní èèyàn méje ti pọ̀ jù fún un. Mo máa ń jáde pẹ̀lú ìyá rẹ láàárọ̀, tó bá ti lọ tán, màá yí padà wálé. Lọ́jọ́rú, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ, mo sá sẹ́yìn kọ́tìnì. Mo rò pé wàá mú nǹkan kí o máa lọ ni. Àfi bí o ṣe gbé kámẹ́rà kalẹ̀! Ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ mi. Ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbé Oníkámẹ́rà. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ń sá fún wa?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú tí ìyá rẹ máa fi wò mí ló ń bà mí lẹ́rù."

"Bàbá, èèyàn ogún ti rí ẹsẹ̀ yín." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí dórí Sátidé.

Bàbá wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò ní èékánná. Irin ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló já lé e nígbà tó wà ní ọ̀dọ́kùnrin. "Ìyá rẹ ló wẹ egbò yìí. Ibẹ̀ la ti mọra. Bó bá rí i láàárín ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀, á dá a mọ̀."

"Màá gé e kúrò."

"Ṣé ó dáa, níbi tó wà yẹn?"

"Olùkọ́ ní kò sírú ẹ̀."

"Má gé e nígbà náà. Kó tó di Sátidé, màá ti bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀."

"Oṣù mẹ́ta lẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara yín, Bàbá."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ohùn màmá rẹ̀ fi dún ní géètì. "Ìwọ ọmọ gíga yìí, kí lò ń ṣọ́ níbí?"

Bàbá ta gìrì. Ó kó ṣẹ́ẹ̀tì sọ́rùn, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ bàtà iṣẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó nawọ́ sí ìkejì. Oníkámẹ́rà ti gbé e, ó sì fi pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀. Kò gbójú sí bàbá rẹ̀ báyìí rí láyé rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ má wọ̀ ọ́."

Bàbá fa ọwọ́ padà. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ èyí tó ti wọ̀.

Màmá wọlé tàpòtàpò. "Háà, olówó orí mi! Ẹ mà tètè dé lónìí."

"N kò lọ ni." Bàbá fa àga kan sún mọ́ ọn. "Jókòó, jọ̀ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́."

Màmá wo ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ó jókòó láìbọ́ báàgì léjìká.

"Mò ń gbọ́ yín," ló wí.