Àgólò Ìwọ́ Àwọn Ọmọ

Kò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì gan-an kò sí, mo ti tà á lóṣù tó kọjá fún akẹ́kọ̀ọ́ pólì kan — kí ni mo wá ń bẹ̀rẹ̀ wò nílẹ̀ gbalasa bí ẹni tí eyín rẹ̀ já bọ́? Kò sí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù ti di ti ìyá oníbúrẹ́dì. Kò sí lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n... ó tó. Kò sí tẹlifíṣọ̀n. Yàrá méjì péré là ń gbé, ibi mẹ́fà ni mo ti wò lọ́sàn-án yìí, mẹ́rin nínú wọn kò sí nílé mọ́.

Àgólò mílíkì kan ṣoṣo. Ó ti dípẹtà lára, ṣíbí la fi ń ṣí ìdérí rẹ̀. Ìwọ́ Qúdrát wà nínú rẹ̀, ìwọ́ Toheebat wà nínú rẹ̀, kálukú nínú òwú tirẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ti ẹ̀gbọ́n ti wà níbẹ̀, mọ́kànlá ni ti àbúrò.

Ẹni tó mọ ibi tí nǹkan wà kì í wá a. Ohun tí mò ń ṣe yìí kì í ṣe wíwá. Mò ń — mò ń rìn nínú ilé ni.

Mo ti tà á.

Ó dáa. Mo ti sọ ọ́. Inú ni mo ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́. Sátidé tó kọjá, oníkọ́ńdẹ́mù ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, ó ń pariwo irin àlòkù, ìkòkò tó jò, bátìrì tó kú. Mo pè é wọlé. Mo kó ìkòkò méjì fún un, àti fáànù tí kò yí mọ́, àti àwọn àgólò tó wà nínú páálí kan lórí àjà. Àgólò yẹn wà láàárín wọn, mi ò sì mọ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ta ló máa ń yẹ àgólò wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìyàwó mi. Mẹ̀dínátù á yẹ̀ wọ́n wò, á gbọ̀n wọ́n, á gbóòórùn wọn.

Ó sì ń bọ̀. Ó ti wọkọ̀ ní Ìdí-Ìrókò láti bíi wákàtí kan sẹ́yìn, ó pè mí lórí fóònù kó tó wọ̀ ọ́. Bí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà kò bá pọ̀ jù, ìgbà tí mo bá fi máa kírun Àsárì tán... Mi ò tíì kírun. Ẹsẹ̀ mi ò dúró sójú kan.

"Bàbá Qúdrát, wọ́n ti san owó ìrẹsì mi pé. Mo ti ń bọ̀. Ẹ gbé àgólò yẹn jáde o, ẹ gbé e síbi tí ojú mi á ti tó o."

Mo ní, "Ó ti wà lórí tábìlì."

"Tábìlì? Ẹ ò tíì ta tábìlì ni?"

"Ó kù díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí owó fi tán lórí fóònù rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín — kí ni mo rí rẹ́rìn-ín sí? Kò sí tábìlì. Orí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo jókòó sí.

Lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀, a máa kó owó àsansílẹ̀ fún Bọ̀dá Oyèkúnlé tó ń ta ilé fún wa. Mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ìyókù láàárín ọdún mẹ́ta. Ilé náà wà ní ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, òrùlé wà, fèrèsé kò sí, ewúrẹ́ àdúgbò ló ń ṣèpàdé nínú rẹ̀. Mẹ̀dínátù ti pín yàrá. Ó ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí ojú Qúdrát máa kọ sí tó bá ń sùn. Ó sì ti mọ ohun tí a máa kọ́kọ́ ṣe, kí a tó gbálẹ̀, kí a tó lé ewúrẹ́. "Ìwọ́ la máa kọ́kọ́ rì. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹnu mi ló fà á.

Nígbà tí ìwọ́ Qúdrát já, ìyá ìyàwó mi ti dé láti Ayétòrò, ó ti mú ọkọ́ lọ́wọ́, ó ti yan ibì kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ṣé ká gbẹ́ ẹ síbí?" Mo ní rárá. Mo ní ilé onílé kọ́ ni wọn yóò rì í sí. Tí Alàgbà Bàrúwà onílé bá ní ká jáde lọ́la, ṣé a máa wú u pọ̀ mọ́ ẹrù ni? Màmá ní, "Ilẹ̀ Ọlọ́run ni gbogbo ẹ̀." Mo ní Bàrúwà ló ń gba owó rẹ̀. Ó pòṣé, ó sọ ọkọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo ti fọ àgólò mílíkì, mo sá a sóòrùn, mo sì sọ fún Mẹ̀dínátù lórí ibùsùn pé ọjọ́ tí a bá ní ilẹ̀ tiwa, níwájú ẹnu ọ̀nà tiwa, lọ́wọ́ èmi fúnra mi...

Ó gbà mí gbọ́. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà, ara ń ro ó, ó gbà mí gbọ́.

Kì í kúkú ṣe pé mo ń ṣe fáàrí. Ìlú Tube ni wọ́n ti ri ìwọ́ tèmi, lẹ́yìn ilé bàbá mi. Kí n tó parí ní pólì, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ta ilé náà. Ilé epo ló wà lórí ìwọ́ mi báyìí. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń ra epo jálá kan nítorí ọ̀wọ̀. Mi ò ní mọ́tò.

Ìyẹn ni mo ṣe sọ ohun tí mo sọ. Èmi tí mo kàwé ilé kíkọ́, tí mo ń yàwòrán ilé fún àwọn ará Ìlaròó tí wọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé...

Kò burú. Ká ronú. Ká ronú bí àgbà.

Ọdún méjì ni a ti ń sẹ́ra nítorí owó ilé. Mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Tí ọṣẹ ìfọyín bá tán, mo máa ń fi abẹ la ikùn rẹ̀, ó tún ku ọjọ́ mẹ́rin nínú rẹ̀. Tíì alápò, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń rẹ ọ̀kan. Láàárín kan sí èkejì, mo máa ń sá a sórí okùn aṣọ. Ìyá Jemima tó ń gbé yàrá tó tẹ̀lé tiwa rí wọn lórí okùn.

"Bàbá Qúdrát, aṣọ ta ló kéré báyìí?"

"Ti ọmọ tuntun ni."

Ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo àdúgbò fi ń kí Mẹ̀dínátù kú oríire. Ó bá mi jà, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bá mi jà. "Ẹ̀yin àti yẹ̀yẹ́ yín!"

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe òfin ẹrù. Ohunkóhun tí ọwọ́ kò bá kàn fún ọdún kan, kò wúlò, kó máa lọ. Mo kọ ọ́ sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tó yá mo ta páálí náà. Qúdrát dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kà á, ó ní, "Bàbá, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò bá kàn mí fún ọdún kan ńkọ́?" Mo ní kó lọ kàwé.

Kí ló dé tí mo fi rántí ìyẹn?

Àgólò. Ọ̀rọ̀ àgólò là ń sọ.

Mo ṣáà gbìyànjú. Lọ́jọ́rú mo lọ sí ọgbà oníkọ́ńdẹ́mù. Òkè àgólò wà níbẹ̀, ó ga ju ilé lọ. Ó ní, "Alàgbà, tiyín ti bá mọ́tò lọ láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n á ti yọ́ ọ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ — inú mi tiẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Èèyàn ti lọ wá a. Ohun tí iná ti jẹ, ta ló fẹ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ta?

Mẹ̀dínátù.

Ó dáa. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí náà ńkọ́? Àgólò mílíkì ni. Mo bẹ Ìyá Jemima, ó fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi iyọ̀ àti omi pa á lára kó lè dípẹtà, òru kan péré ló gbà. Mo gé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, mo gbé wọn sórí èédú títí wọ́n fi dúdú, tí wọ́n hunjọ. Mo wé wọn sínú òwú. Mo fi epo díẹ̀ kan òwú náà kó lè gbó. Tí wọ́n bá gbé e síwájú ìyá tó bí wọn... Iṣẹ́ náà dára. Ó dára débi pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Lọ́la, níwájú ẹnu ọ̀nà, mo máa gbẹ́ ilẹ̀. Màá ní Bísímílá. Mẹ̀dínátù á sunkún díẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Á pe àwọn ọmọ, á ní, "Ẹ wò ó, ibí ni ìwọ́ yín wà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ kì í ṣe ọmọ ibí." Qúdrát á wo ilẹ̀, á wá wò mí. Ọmọ yẹn máa ń wo èèyàn. Tí mo bá kú, wọ́n á máa nàka síbẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tó bá wá lọ hù ńkọ́?

Kò pani lẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Èyí tó yẹ kó pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn, kò pa mí.

Kí n kúkú sọ òótọ́ fún un. Mẹ̀dínátù, àṣìṣe ni. Mi ò mọ̀ pé ó wà nínú páálí yẹn. Ojú mi ti ṣú, owó ló wà lójú mi. Á bínú. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn á ní ó ti ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe ni, mi ò mọ̀. Ó rọrùn. Mi ò mọ̀ pé ó wà —

Lórí àjà? Inú páálí àgólò?

Kò fìgbà kan wà lórí àjà. Abẹ́ ìrọ̀rí wa ló wà nígbà tí a ní bẹ́ẹ̀dì, ó sì wà nínú àpótí aṣọ Mẹ̀dínátù láti ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì ti lọ. Inú gèlè aláwọ̀ búlúù. Ta ló tú gèlè?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò sí nílé. Ìyá yín wà ní Ìdí-Ìrókò. Ta ló tú u?

Ó yẹ kí n dìde. Ó yẹ kí n kírun.

Mo gbé e fún un. Ọwọ́ mi ni. Oníkọ́ńdẹ́mù gbà á, ó fi ìṣó yọ ìdérí rẹ̀, nítorí wọn kì í ra ohun tí wọn ò mọ inú rẹ̀. Ó wò ó. Ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke, tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ó wo inú àgólò, ó sì wò mí. Ó ní, "Alàgbà, nǹkan wà níbẹ̀ o. Ó jọ nǹkan ọmọ."

Mo ní, "Dà á nù."

Ó ní, "Ṣé ẹ rí i?"

Mo ní, "Mo rí i. Dà á nù, ká wọ̀n ọ́n."

Kò dà á nù kíá. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé wa, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbọ̀n ọ́n sílẹ̀, bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jí, mo gbọ́ ọ, mo yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Kí ni mo wá lọ wá lọ́gbà rẹ̀ lọ́jọ́rú? Ìyẹn ni kò ṣe bá mi sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò wo ojú mi. Ó mọ̀ mí.

Owó àgólò yẹn kò ra ìṣáná. Kì í ṣe owó. Kí ló dé? Ìwọ, kí ló dé? Ó ti sú mi pé àgólò yẹn ń bi mí. Ọdún mẹ́rìndínlógún, bí mo bá ti gbórí lé ìrọ̀rí ni mo ń gbọ́ ọ: ilé dà? Mo fẹ́ kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́la ni ilé ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń retí ilé lọ́jọ́ kẹfà... ẹni tó ń ṣán oko lọ́wọ́ kì í sun èbù rẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá sun èbù jẹ, oko yẹn kò fìgbà kan wà lọ́kàn rẹ̀.

Kò fìgbà kan wà lọ́kàn mi.

Ó ga o. Ọdún méjì. Mo rìn, mo sá tíì sóòrùn, mo ta ibùsùn lábẹ́ ìyàwó mi, mi ò sì gbà gbọ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo pé a máa débẹ̀. Mo rò pé a jọ ń ṣe é ni. Òun ń gba Ìdí-Ìrókò lọ, ó ń bọ̀, ó ń pín yàrá. Èmi ń wo ògiri tó ń ṣófo, ara sì ń tù mí. Mo pè é ní ìsẹ́ra.

Ọ̀kadà kan ti dúró níta. Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú okùn ẹrù.

Òun ti ń kọ́lé láti ọdún méjì. Èmi, mo kàn ń kó jáde ni.