Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fi Kún Ọjọ́ Orí Sìdíkàt

Gbogbo Ajah ló mọ èmi Kàsímù. Èmi ni mo sọ pé mo pa ẹja kan tó gùn ju mọ́sáláṣí lọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi rìn láti orí rẹ̀ dé ìrù. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ìkarùn-ún rí mi, ó sá.

Àbúrò mi Sìdíkàt ló mọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja Bàbá wa bá kú lórí ọ̀sà, òun ni yóò tú u, tí yóò sì tún un tò. Lọ́dún 1978, ilé-ìwé wọn mú ọmọ mẹ́fà tí yóò lọ sí Jámánì fún oṣù kan, láti wo ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Sìdíkàt wà nínú wọn. Ọ̀gbẹ́ni Odùkọ̀yà, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ fún wa. Bàbá wa, tí mi ò rí eyín wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi jóná.

Pásípọ́ọ̀tù ń fẹ́ ìwé ọjọ́ orí. Bàbá wà lójú òkun, Ìyá wa ní kí n lọ bá Sìdíkàt búra ọjọ́ orí rẹ̀ ní kóòtù.

Akọ̀wé ní, "Ọmọ ọdún mélòó?"

Mo ronú. Ọmọ àwọn olówó Ìkòyí ni àwọn márùn-ún yòókù. Bí Sìdíkàt bá kéré jù nínú wọn, òun ni wọn yóò máa rán níṣẹ́ káàkiri Jámánì, òun ni yóò ru gbogbo àpótí.

Mo di Kùránì mú. "Mẹ́tàdínlógún, sà."

Nígbà tí mo délé, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo wọn ni yóò máa pè ọ́ ní Àǹtí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá Kàsímù, kóòtù náà lẹ tún lọ tàn?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gbẹ́ni Odùkọ̀yà padà wá. Wọn ò jókòó.

"Àwọn ará Jámánì ò gba ẹni tó bá ti kọjá ọdún mẹ́rìndínlógún."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ tún ìbúra náà ṣe, sà."

"Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ìwé ìbúra méjì fún ọmọ kan, ayédèrú ni. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀."

Bàbá wa bi mí bóyá Kùránì ni mo dì mú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dìde, wọ́n gba etí ọ̀sà lọ.

Sìdíkàt ò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, n bá bẹ̀ ẹ́. Ó ní,

"Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní Àǹtí. Bí wọ́n ṣe ń da irin ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ lọ wò."

Mo ní n ó wa ọkọ̀ gbé e lọ sí Jámánì fúnra mi, àní ẹja àbùùbùtán méje ni yóò máa tì wá lẹ́yìn. Kò tilẹ̀ gbọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tí bàálù àwọn ọmọ tó ń lọ Jámánì gbéra, Sìdíkàt ò wọ aṣọ ilé-ìwé. Ó jáde síbi tí Ìyá wa ti ń yan ẹja.

Mo ní, "Sìdí, ilé-ìwé ńkọ́?"

"Ẹ bá mi sọ fún Ọ̀gbẹ́ni pé mo ti dàgbà jù. Ó wà nínú ìwé kóòtù."

Ìyá wa sún fún un lórí àpótí, wọ́n gbé agbọ̀n ẹja fún un. Wọn ò wo ojú mi.