Ojú Kejì fún Àkọ̀ Funfun

2.

…torí náà, mi ò tẹ̀lé ọkọ mi lọ sí Òṣogbo. Mọ́tò tó wà lẹ́yìn mọ́tò tó wọ̀ ni mo kàn wọ̀.

3.

*(Lára pátákó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Sànúsí Onífótò, Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo)*

ẸGBẸ́ ÀWỌN AWOẸYẸ, ÒṢOGBO ÀTI ILÉṢÀ
Oṣù Ẹrẹ́nà, 1997

Àwọn ẹyẹ àlejò ti ń padà sílé wọn lókè òkun. Ẹni tó bá rí wọn lọ́nà, kó wá kọ ọ́ síbí.
Òfin wa kò yí padà: OJÚ KAN KÒ RÍ ẸYẸ.
Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni ojú kìíní. Ẹni tó wà níbẹ̀, tó sì rí i pẹ̀lú rẹ̀, ni ojú kejì. Ẹyẹ tí kò bá ní ojú kejì títí di ìpàdé Sátidé, a ó pa á rẹ́.
Sànúsí, akọ̀wé

4.

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi Phebe fi jẹ́ ojú kejì Ọlọ́rundáre ọkọ mi. Alápàńdẹ̀dẹ̀ lórí wáyà iná ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà: òun, èmi. Àwòdì tó ń darí sí Òkè Ọya: òun, èmi. Wọ́n á ka orúkọ wa pọ̀ ní ìpàdé, bí àlùfáà ṣe ń ka orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó.

Lẹ́yìn Kérésìmesì ni Sẹ̀gilọlá wọ ẹgbẹ́ wa. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò lọ́kọ. Ó ní awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn.

5.

Awò kan.
Okùn kan.
Ọrùn méjì.

6.

*(Ohun tí a sọ nídìí oúnjẹ àárọ̀, Ọjọ́rú, Iléṣà)*

ÈMI: Bàbá Ṣèyí, ṣé ẹ ò ní mú mi dání lónìí?
ÒUN: Orúnkún rẹ ńkọ́? Àná lo ní ó ń dùn ọ́.
ÈMI: Orúnkún kọ́ ni wọ́n fi ń wo ẹyẹ.
ÒUN: Jẹ́ kí n lọ, kí n tètè padà sí ulé.
ÈMI: Ta ni yóò ṣe ojú kejì fún yín?
ÒUN: *(ó ń wá bàtà)*
ÈMI: Mo ní ta ni.
ÒUN: Sẹ̀gilọlá á wà níbẹ̀.

Ó rọra pe orúkọ náà bí ẹni gbé ẹyin. Mo sọ̀rọ̀ sí i, mo tún sọ. Àwòdì ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ó gbé fìlà, ó jáde.

7.

Ẹ má pè é ní owú. Wọ́n ní “Òrìṣà, jẹ́ ká pé méjì” obìnrin kò dénú. Èmi ò tilẹ̀ gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí.

(Ó dáa. Owú ni.)

8.

Igbó Ọ̀ṣun. Wọn kì í pa ẹyẹ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹyẹ fi ń sinmi níbẹ̀ láìfòyà. Àwọn méjèèjì dúró sí bèbè odò. Mo ti gba orí afárá kọjá sí òdìkejì, mo wà lẹ́yìn igi.

Mo lóṣòó. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà, torí àwọn bàbá wa a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Bàbá mi lóṣòó gbowó. Èmi lóṣòó ṣọ́ ọkọ. Orúnkún mi ń ké, mi ò dá a lóhùn.

Sẹ̀gilọlá fi etí ìró nu ojú awò náà. Ó gbé e kọ́ ọkọ mi lọ́rùn. Ó ní òun ń lọ mumi lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Ó lọ.

9.

Ìgbà náà ló dé.

À   K   Ọ̀
F   U   N   F   U   N

Ọ̀kan ṣoṣo. A kì í rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ibòmíràn ni wọ́n ń gbà lọ sílé. Ó bà sínú omi lẹ́bàá àpáta, ó mumi. Àpáta fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ọkọ mi. Kò fi í pamọ́ fún mi. Òrùka irin wà lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń fi sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀.

Ẹyẹ lásán. Ó ní òrùka, ó sì mọ̀nà ilé.

Ọkọ mi kò wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, bó ṣe ń nà án sí mi láti ọdún mẹ́sàn-án: wá wò ó.

Kò sẹ́ni níbẹ̀.

Ta ló ń na ọwọ́ sí?

10.

*(Láti òkè, lójú ẹyẹ tó ń fò lọ)*

Ọkùnrin kan. Obìnrin kan tó ń lọ mumi. Obìnrin kan tó sá pamọ́. Igi. Ọ̀nà ilé.

11.

*(Iléṣà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà)*

ÒUN: Phebe. Mo rí àkọ̀ funfun.
ÈMI: Ẹ kú oríire. Ta ló bá yín rí i?
ÒUN: Kò sí.
ÈMI: Sẹ̀gilọlá ńkọ́?
ÒUN: Ó ti lọ mumi. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń retí ẹyẹ yìí. Wọ́n á pa á rẹ́ ní Sátidé.
ÈMI: *(mo ń gbé oúnjẹ rẹ̀ bọ̀)*
ÒUN: Kí ló dé tí ò ń tiro?
ÈMI: Mo lọ sọ́jà.

12.

(Mo ti fa èyí ya.)

13.

Ọjọ́ Ẹtì, mo lọ sí Òkè Baálẹ̀ láti lọ kọ orúkọ mi. Kí ojú kó tì mí, kí ẹyẹ rẹ̀ má kú. Mo ti mú bírò lọ́wọ́.

Ẹyẹ: àkọ̀ funfun, ọ̀kan
Ibi: Igbó Ọ̀ṣun
Ojú kìíní: Ọlọ́rundáre
Ojú kejì: *Sẹ̀gilọlá*

ÈMI: Ìgbà wo ló kọ èyí?
SÀNÚSÍ: Àárọ̀ yìí, mà. Bàbá ò tíì mọ̀ pàápàá. Alihamudulilai, ẹyẹ ti bọ́.
ÈMI: Ó ní òun rí i?
SÀNÚSÍ: Ó ní òun rí i bí òun ṣe ń padà bọ̀. Ẹ jókòó, mà.

14.

Kò rí i. Ẹyẹ ti lọ kó tó dé.

Obìnrin tó di ọkọ ẹni lọ́wọ́ mú, a lè bá a jà. Èyí tó purọ́ kí inú ọkọ ẹni má baà bàjẹ́ ńkọ́? Èmi tí mo rí i, mo dákẹ́. Òun tí kò rí i ló sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é.

15.

Ohun tí mo lè kọ:

(a) *Irọ́ ni.* Wọ́n á pa ẹyẹ rẹ́. Wọ́n á sì bi mí bí mo ṣe mọ̀.

(b) *Phebe. Òrùka irin lẹ́sẹ̀ òsì.* Ọkọ mi á mọ ibi tí mo lóṣòó sí. Gbogbo ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa á mọ̀.

(d)

16.

Sátidé. Sànúsí ti ń kà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó rí mi. Ọkọ mi jókòó síwájú. Sẹ̀gilọlá wà lápá òsì rẹ̀. Àga apá ọ̀tún ṣófo.

SÀNÚSÍ: Àkọ̀ funfun. Igbó Ọ̀ṣun. Ojú kìíní, Ọlọ́rundáre.

Ọkọ mi kò wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn.

SÀNÚSÍ: Ojú kejì…

Mo tiro wọlé, mo di ọwọ́ náà mú.