Ẹyin Àlejò

Fuseina fẹ́ lọ gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Savelugu, ní àríwá Ghana, láti máa wọn oúnjẹ tí àwọn ọmọdé ń jẹ nígbà òjò. Iṣẹ́ yìí ni yóò fi gba oyè kejì ní yunifásítì. Kó tó lọ, Dókítà Napari, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, pè é jókòó.

"Gbọ́ mi dáadáa. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún ọ, o kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Àlejò tó kọ oúnjẹ ti bú onílé. Ṣùgbọ́n ìwọ náà kò gbọdọ̀ fún ọmọ kankan lóúnjẹ."

"Bí ebi bá ń pa ọmọ náà ńkọ́, mà?"

"Ebi yẹn gan-an la rán ọ lọ wò. Bí o bá ń bọ́ wọn, irọ́ ni ìwé rẹ máa pa fún ìjọba. Bí téèpù tí o fi ń wọn apá ọmọ bá bọ́ sí pupa, ebi ti fẹ́ pa á nìyẹn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Bí kò bá tíì pupa, máa wò ó."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tó jókòó sábẹ́ fáànù ló lè ní kí èèyàn máa wo ọmọ tí ebi ń pa.

Fuseina dé abúlé, ó yan ilé Sanatu láti máa lọ wọn oúnjẹ wọn. Ọkọ Sanatu ń ru iṣu kiri ní Kumasi, ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Azara, ló ń darí ilé. Wunpini, ọmọ Sanatu kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni apá rẹ̀ ti bọ́ sí yẹ́lò lórí téèpù, èyí tó ṣáájú pupa. Àká ti ṣófo. Ògì láàárọ̀, túwó lálẹ́, ọbẹ̀ ewé tí kò rí ẹran: Fuseina á gbé e lé ìwọ̀n, á kọ ọ́ sílẹ̀, á dá a padà fún ọmọ, àánú á sì máa ṣe é. Wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Nínú ilé yìí, ebi kò kúrò.

Wọ́n ti ta gbogbo ẹtù wọn tán, ó ku ẹyọ kan tó ń yé. Fuseina yọ́ rú òfin díẹ̀, ó fa Sanatu sẹ́yìn ilé.

"Sanatu, jọ̀ọ́, ẹyin ẹtù yẹn, máa fún Wunpini."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí."

Bí Fuseina bá sì ti dé lójoojúmọ́, Màmá Azara á ní kí wọ́n gbé igbá kékeré wá, ẹyin sísè kan á wà níbẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀.

"Jẹ ẹ́, ọmọ yunifásítì. Ìwé ti jẹ gbogbo ẹran ara rẹ tán."

Fuseina á rẹ́rìn-ín, á jẹ ẹ́, Wunpini á máa wo ẹnu rẹ̀. Òfin olùkọ́ ló ń tẹ̀lé, ẹyin náà sì dùn. Ó rò pé òmíràn wà nílé. Ọmọge tó ń wọn ògì ọmọ ní ṣíbí-ṣíbí kò wọn èyí tó ń gba ọ̀fun tirẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni kì í wá, ọjọ́ náà ló máa ń lọ kírun ní Tamale lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní Jímọ̀ kan, òjò gé ọ̀nà, ló bá yà sí ilé Sanatu. Ó bá a tó gbé Wunpini lé ẹsẹ̀, ẹyin bíbó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sanatu fò dìde, ó ju ẹyin sínú igbá, ó gbé e fún Fuseina.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. A kò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ lónìí."

"Ẹyin ọmọ nìyẹn, Sanatu."

"Ẹyin yín ni. Ti ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ kì í wá ni tiẹ̀."

Ojú ti Fuseina débi pé kò lè wo ìyá ọmọ náà. Ó sọ òfin nù, ó kúnlẹ̀, ó fi ẹyin kan Wunpini lẹ́nu. Wunpini yí orí padà. Ó fọ́ ọ sínú ògì, ọmọ náà pa ẹnu dé. Ó wọn apá rẹ̀: pupa. Wọ́n sì ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé ọmọ tó gbẹ tí kò wá fẹ́ jẹun mọ́, ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ dé ọsibítù.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ báyìí."

"Ọ̀nà dà?" ni Màmá Azara dáhùn. "Odò ti kún bo afárá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ kọjá láàárọ̀ ti padà."

Fuseina pe olùkọ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Dókítà Napari ní:

"Fuseina, n kò mọ ohun tí mo lè sọ fún ọ."

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Màmá Azara fa igbá náà sún mọ́ ọn.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Ọmọ kò fẹ́ ẹ. Má jẹ́ kó ṣòfò."

Fuseina ń sunkún, ó ń jẹ ẹ́. Wunpini kò wo ẹnu rẹ̀ mọ́.