Ohun Tó Wà Láàárín Rédíétọ̀ àti Kọ́ńdẹ́nsà

Nígbà tí dẹ́rẹ́bà takisí yẹn máa fi gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ kí wa mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Tí mi ò bá tan éésì, kò sí wàhálà. Tí mo bá ti tàn án báyìí, tí mo sì dúró díẹ̀ lójú títì, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Àwọn èrò ti ń sá fún mi. Ẹ̀yin méjèèjì, ta ni kí n mú nínú yín?"

Ìbéèrè gidi ni. Ọkọ mi ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, èmi ni mò ń tún éésì tó ń mú inú ọkọ̀ tutù ṣe, abẹ́ páànù kan náà la sì wà. Baba Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń pe èmi ní Màmá Éésì. Láyé ọjọ́sí, tí irú ọkọ̀ báyìí bá dé, ìjà ni. Á ní éésì mi ló fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì òun, èmi á ní ẹ́ńjìnnì náà ti darúgbó bíi ti ẹni tó ń tún un ṣe, àwọn oníbàárà á sì máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ láti ìgbà tí ọmọbìnrin wa ti kú, a kì í jà mọ́. "Omi wà nínú ike." "Mò ń jáde." Ó tán.

Ẹ má rò pé mò ń sunkún kiri o. Ojú mi gbẹ. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń rọ gáàsì sínú ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ara mi kàn kú ṣáá ni. Ilé yẹn ló sú mi, kí èèyàn méjì máa yà fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí àlejò. Mo ti di báàgì mi. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé kó máa retí mi lọ́jọ́ Àìkú, mi ò sì sọ ìgbà tí màá padà. Ọkọ mi rí báàgì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ó gbálẹ̀ yí i ká.

"Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan," ó sọ fún dẹ́rẹ́bà. "Mo ti pààrọ̀ pọ́ǹpù omi, mo ti fọ rédíétọ̀."

"Éésì náà ò ṣe nǹkan kan," èmi náà sọ fún dẹ́rẹ́bà. "Gáàsì rẹ̀ pé, mo ti fọ kọ́ńdẹ́nsà."

Dẹ́rẹ́bà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀. Èmi kọ́ ni ẹ máa rán níṣẹ́ sí ara yín."

Mo wọnú ọkọ̀, mo jókòó sáàyè dẹ́rẹ́bà. Ọkọ mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Tàn án," ó ní. Mo tan éésì, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. "Pa á." Mo pa á. "Tàn án."

Ó mú bébà kan, ó gbé e sí imú ọkọ̀. Ó yẹ kí fáànù fa bébà náà mọ́ra. Ńṣe ni bébà já bọ́ sílẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Kọ́ńdẹ́nsà tèmi ló wà níwájú, òun ni ooru éésì ń gbà jáde. Rédíétọ̀ tirẹ̀, tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Fáànù ló ń fa atẹ́gùn gba inú àwọn méjèèjì kọjá.

"Iwájú ni mo ti fọ tèmi," mo ní.

"Ẹ̀yìn lèmi ti fọ tèmi," ó ní.

Ó mú sípánà, ó tú rédíétọ̀. Mo di àwọn páìpù tèmi mú kí wọ́n má bàa kán, ó sì rọra fa tirẹ̀ sẹ́yìn. Ìdọ̀tí tó wà láàárín wọn nípọn bíi tìmùtìmù: eruku, ìyẹ́, ewé gbígbẹ, òkú kòkòrò. Tí éésì bá wà ní pípa, ooru ẹ́ńjìnnì nìkan ṣì ń rí ọ̀nà yọ́ jáde. Tí ti éésì bá wá kún un, kò sí ibi tó fẹ́ gbà. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń fọ́n omi sí tèmi, mò ń ti ìdọ̀tí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Òun náà ń tì í padà sí mi.

A kó o dànù, a fọ̀ ọ́, a dè é padà. Dẹ́rẹ́bà jókòó sínú ọkọ̀, ó tan éésì, ó tẹjú mọ́ ibi tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn. Ọkọ mi lóṣòó níwájú ọkọ̀.

"Mi ò bi ọ́ rí," ó ní.

"Kí ni?"

"Ohun tó sọ gbẹ̀yìn."

Ó lọ gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà jíjìn lọ́jọ́ tí ọmọ náà kú mọ́ mi lọ́wọ́ nílé ìwòsàn. Kó tó dé, wọ́n ti da aṣọ bò ó. Kò béèrè, èmi náà ò sọ. Mo rò pé kò fẹ́ mọ̀ ni, ó sì dùn mí wọra.

"Ó ní, 'Màámi, ẹ pa éésì, òtútù ń mú mi.'"

Ọkọ mi gbójú sókè. "Wọ́n tan éésì sí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná?"

"Kò sí éésì nínú yàrá yẹn."

Ó yíjú sí mi.

"Mo na ọwọ́ sí ògiri," mo ní, "mo ṣe bí ẹni tó ń tẹ nǹkan. Mo ní mo ti pa á. Ó ní, 'Ẹ ṣé, Màámi.' Kò sọ nǹkan míì mọ́."

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ìdọ̀tí yẹn, ó bú sẹ́kún. Ẹkún rẹ̀ ló fa tèmi jáde. Mo jókòó tì í. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má lọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní mi ò lọ mọ́.

Dẹ́rẹ́bà sáré bọ́ọ́lẹ̀. "Kò gbóná mọ́ o! Éésì wà ní títàn, kò gbóná!" Ìgbà náà ló tó rí wa. Ó dúró, kò mọ ibi tó máa kọjú sí.

"Ẹ má sunkún mọ́," ó ní. "Ẹ wò ó, ó ti dáa."