Ọ̀rọ̀ tí Ẹnìkejì Kò Sọ

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú pinnu pé ìlú àwọn àti ìlú kan tí ogun ń bà jẹ́ yóò di ìbejì, àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìlú tí kò rí ọ̀dà kun ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ló fẹ́ máa gbọ́ bùkátà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n alága ìgbìmọ̀ kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà parí sórí pátákó tí wọ́n rì mọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú. Ó ní kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹnìkejì lọ́hùn-ún, panápaná mú panápaná, tíṣà mú tíṣà, kí wọ́n máa pe ara wọn, kí wọ́n máa béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Bí agbẹ̀bí àgbà ilé ìwòsàn ìlú ṣe di ọ̀rẹ́ agbẹ̀bí ìlú ogun nìyẹn. Opó ni agbẹ̀bí àgbà yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣí lọ, ilé rẹ̀ dákẹ́ bí ilé ìwé nígbà ìsinmi. Ẹnìkejì ló ń pe obìnrin tí wọ́n fún un, ó sì di orúkọ. Ẹnìkejì kì í sunkún létí fóònù. Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣe.

“Ìbejì tí ọ̀kan ti gbó kí wọ́n tó bí ìkejì,” ló wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Ta ló gbẹ̀bí yìí, ìwọ tàbí èmi?”

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni Ẹnìkejì ti ń gbẹ̀bí, torí òkè ilé ìwòsàn wọn ti wó. Bí bọ́ǹbù bá dún nínú fóònù, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ta gìrì, Ẹnìkejì á ní, “Má dá a lóhùn, kì í ṣe ìwọ ló ń pè.”

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan dé tí kò ṣe é fi ẹ̀fẹ̀ bò. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹnìkejì bí lóyún, ọkọ ọmọ náà sì wà lójú ogun, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

“Jẹ́ kó wá bí i lọ́dọ̀ rẹ,” ni Ẹnìkejì wí. “Ọmọ mi, ọmọ rẹ ni.”

“Kí ìwọ náà tẹ̀ lé e wá.”

“Bí mo bá wá, ta ni yóò gbẹ̀bí àwọn tó kù síbí?”

Ọmọ Ẹnìkejì dé tòun ti báàgì kan, ikùn ti ga. Agbẹ̀bí fún un ní yàrá tó ń gba oòrùn. Bí ìyá rẹ̀ bá pẹ́ kó tó pè, ọmọ náà kì í jẹun. Bó bá wá pè, wọ́n á gbé fóònù sáàárín tábìlì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ máa tàkúrọ̀sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni ìrọbí mú un. Agbẹ̀bí ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn ní ilé ìwòsàn nígbà tí fóònù dún lórí fèrèsé. Ọmọ Ẹnìkejì rí orúkọ tó yọ lójú fóònù náà.

“Màámi nìyẹn. Ẹ gbé e wá, mà.”

Agbẹ̀bí gbé e sétí. Ohùn ọkùnrin ló gbọ́. Awakọ̀ ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún ni, fóònù Ẹnìkejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ǹbù ti bá yàrá abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ti hú Ẹnìkejì jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọmọ rẹ̀,” lọkùnrin náà wí, ó bú sẹ́kún.

Agbẹ̀bí kọjú sí ògiri. Ó ní àwọn kò gbọ́ra dáadáa, ó sì pa fóònù. Ó ti rí obìnrin tí ìròyìn burúkú ká mọ́ orí ìkúnlẹ̀ rí, tí gbogbo agbára ara rẹ̀ pòórá, tó kù díẹ̀ kí tìyá tọmọ bá a lọ. A kì í tú ọ̀fọ̀ fún ẹni tó ń rọbí.

“Kí ló wí?”

“Ọwọ́ rẹ̀ dí. Obìnrin kan ń rọbí níwájú òun náà.”

“Kò sọ nǹkan kan fún mi?”

Ibẹ̀ ló yẹ kí agbẹ̀bí dúró sí. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ń bẹ̀ ẹ́.

“Ó ní kó o má bẹ̀rù. Ó ní ọwọ́ òun ló wà lẹ́yìn rẹ yìí.”

Ọmọ Ẹnìkejì rẹ́rìn-ín, ó dijú, ó sì gbìn. Nígbàkígbà tí ìrora bá dé, á máa sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé, “Ọwọ́ màámi ni.” Agbẹ̀bí ń fi apá nu ojú, ó ní òógùn ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọbìnrin dé, igbe rẹ̀ gba gbogbo ilé, àwọn nọ́ọ̀sì ń kí ara wọn kú ewu.

Nígbà tí ibi ọmọ ti jáde, tí ẹ̀jẹ̀ dá, tí ọmọ tuntun ti mu ọmú, ìyá ọmọ nawọ́ sí fóònù. “Ẹ jẹ́ ká pè é wàyí.”

Agbẹ̀bí jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀.

Ìyá ọmọ kò ké. Ó wo ọmọ, ó wo fóònù. “Ìgbà tó dún yẹn?”

“Ìgbà yẹn ni.”

“Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní ó sọ ńkọ́?”

“Èmi ni mo sọ ọ́, ọmọ mi.”

“Ẹ má pè mí lọ́mọ yín.” Ó kẹ̀yìn sí i. “Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín lórí òkú ìyá mi.”

Agbẹ̀bí dìde, ó sì jáde.

Ọmọ Ẹnìkejì kò padà sí yàrá tó ń gba oòrùn. Alága wá ilé fún un lẹ́yìn ilé ìkàwé, nọ́ọ̀sì mìíràn ló sì ń wọn ọmọ. Ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé ìdárò, wọ́n sọ̀rọ̀ tó dára. Àwọn obìnrin méjèèjì wà nínú gbọ̀ngàn náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọn kò wo ara wọn. Nígbà mìíràn agbẹ̀bí á gbé fóònù, á fẹ́ pe Ẹnìkejì láti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń bínú sí òun, kó tó rántí.

Ọmọ tuntun ti ń rákò kí ìyá rẹ̀ tó wá kan ilẹ̀kùn agbẹ̀bí. Kò wọlé. Ó gbé ọmọ tó ń sùn lápá, ó dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn.

“N kò tíì dárí jì yín, mà.”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló sọ gan-an? Kì í ṣe èyí tí ẹ fi kún un. Èyí tó sọ kẹ́yìn.”

Agbẹ̀bí ronú. Ì bá wù ú kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n irọ́ kan ti tó.

“Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló pè, o ṣì ń sùn. Ó ní láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ ti máa ń tutù. Ó béèrè bóyá mo ti ra ìbọ̀sẹ̀ fún ẹ. Mo ní màá rà á lọ́la. Ó ní kí n má gbàgbé.”

“Ṣé ẹ rà á?”

“N kò rà á.”

Ìyá ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ojú lé orí ọmọ, ó sì sun ẹkún tí kò rí sun láti ọjọ́ tó bímọ. Agbẹ̀bí jókòó tì í, òun náà ń sunkún. Ó ṣe díẹ̀, ọmọ jí, ebi ń pa á. Ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú níbẹ̀, ó nu ojú, ó ní òun ń lọ. Kò sọ pé òun yóò tún wá.